Fésà Ló Fi Bo Etí Tó Ń Kú, Àbúrò Ìyàwó Rẹ̀ Ló Jìyà Rẹ̀

Etí kì í pariwo nígbà tó bá ń kú. Eyín tó bá ń jẹrà a máa ro ẹni tó ni ín, ojú tó bá ń fọ́ a máa ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́ ni etí máa ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé jí.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé wa. Ó ní ká má bo ẹyọ kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ìka-Oyin ni àwọn olórin ń pè é, torí pé bó bá ń ta okùn gìtá, àfi bí ẹni pé oyin ló ń kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí àwa náà yóò máa pè é nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ta gìtá fún obìnrin olórin kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Màdáámú. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni wọ́n ti máa ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀, ibì kan náà ni Ìka-Oyin sì máa ń dúró sí: ẹ̀gbẹ́ sípíkà, kó kọ etí òsì sí i. Ẹni tó ń ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, máa ń dúró lọ́tùn-ún rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ọkùnrin kan tó tutù bí omi inú àmù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìka-Oyin ló mú un wọ ẹgbẹ́.

Ariwo kan ló kọ́kọ́ wọlé sí Ìka-Oyin létí, bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá fẹ́ hó. Ó rò pé yóò lọ. Kò lọ. Nígbà tó yá, bó bá gbé fóònù sétí òsì, yóò rò pé ẹni tó pe òun ti pa á. Ìyàwó rẹ̀ á pè é láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn, àwọn ìbejì wọn á sì máa rẹ́rìn-ín pé bàbá àwọn ti tún rìnrìn àjò láì gbéra lórí àga.

Ó yọ́ lọ rí dókítà elétí. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, wọ́n sì fún un ní bọ́tìnnì kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà tó bá gbọ́ ohùn. Ó jókòó, ó di bọ́tìnnì náà mú, ó ń dúró kí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí dókítà ṣílẹ̀kùn ló tó mọ̀ pé àyẹ̀wò ti parí.

Dókítà kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní etí òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀lé e. Ó ní kò mọ sí pé ohùn kò wọlé nìkan, ohùn tó bá rí ọ̀nà wọlé pàápàá, etí náà ti ń lọ́ ọ po, ohun tí Ìka-Oyin ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ mọ́. Ó ní kó lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kó sì jìnnà sí sípíkà.

Ìka-Oyin dúpẹ́, ó lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ibi tó lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ agẹrun ni.

Ẹ lè máa sọ pé kí ló dé tí kò la ẹnu. Òun náà ti bi ara rẹ̀ títí. Gìtá ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Onígìtá tí kò gbọ́ràn, kí ló fi yàtọ̀ sí awakọ̀ afọ́jú? Ta ni yóò wọkọ̀ rẹ̀? Àti pé, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá gba Ìka-Oyin lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kù.

Túnà kékeré tó máa ń tan iná ló fi ń mọ̀ bóyá okùn gìtá rẹ̀ wà lórí ohùn. Ojú ló fi ń ṣe iṣẹ́ etí. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé ibi tí onígìtá ti ń fi ìka fa okùn sókè kó lè ké, kò sí iná tó ń sọ fún èèyàn pé ó tó. Etí nìkan ló ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, níbi ìdánrawò, Màdáámú dáwọ́ orin dúró. Ó ní, “Ohùn ẹnìkan ń yà.”

Ìka-Oyin mọ̀ pé òun ni. Ohun tó ṣe kò ju kékeré lọ. Kò sọ̀rọ̀, kò nàka. Ó kàn yíjú, ó wo Jẹ́jẹ́.

Ojú gbogbo ẹgbẹ́ sì bá ojú rẹ̀ lọ.

Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba lórí béèsì rẹ̀, ó ń tún okùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ Màdáámú pé kó má bínú. Ara Ìka-Oyin bù máṣọ, ṣùgbọ́n nínú ìtìjú náà, ara tù ú díẹ̀. Ó gbà fún wa pé ara tù ú.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀nà ṣí fún Màdáámú láti lọ gba orin tuntun sílẹ̀ ní sítúdíò. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun fẹ́ kí gìtá inú àwọn orin náà máa yí, kó máa lọ kó máa bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọrin níwájú fáànù tó ń yí. Ọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ pé fésà ni Màdáámú ń wí, àpótí irin kékeré kan báyìí tí onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

“Ìka-Oyin, lọ bá mi ṣà á,” Màdáámú wí. “Oríṣiríṣi ló wà, mo mọ̀. Etí ẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.”

Kí ni kó ṣe? Ó bẹ Jẹ́jẹ́ pé kó sin òun lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ kò fẹ̀, gìtá ló so kọ́ sára ògiri bí aṣọ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù to fésà mélòó kan sórí dígí, ó ń ṣàlàyé wọn bí ẹni tó ń júwe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n á pín ohùn gìtá sí méjì, wọ́n á lọ́ ọ̀kan díẹ̀, wọ́n á tún pò wọ́n pọ̀, ibi tí méjèèjì bá ti ń bára wọn jà ni ohùn ti máa ń yí yẹn. Èyí aláwọ̀ ọsàn yìí ní bọ́tìnnì kan péré, ìyára nìkan lèèyàn lè yí níbẹ̀, ó rọ̀, ó sì móoru. Aláwọ̀ ewé yìí yí jù ú lọ, ó lè mú kí gìtá máa dún bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi. Dúdú yìí le lóhùn, tí wọn kò bá ṣọ́ ọ, ó máa ń gé ohùn jẹ.

Ìka-Oyin gbé gìtá kọ́rùn, ó tẹ àkọ́kọ́. Ó ta á. Ó tẹ èkejì, ó ta á. Ó tẹ ẹ̀kẹta.

Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kẹ́tùlù inú etí rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti fésà nínú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró de ìdájọ́ ọ̀gá. Òógùn bo Ìka-Oyin lábẹ́ fáànù.

Ló bá dọ́gbọ́n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ojú Jẹ́jẹ́ ló ń wò. Nídìí ti dúdú, Jẹ́jẹ́ fa imú pọ̀. Nídìí ti aláwọ̀ ewé, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ń wòta. Ìgbà tó dé ìdí aláwọ̀ ọsàn, Jẹ́jẹ́ pa ojú dé, èjìká rẹ̀ sì rọlẹ̀.

“Èyí ni,” Ìka-Oyin wí.

Oníṣọ́ọ̀bù yìn ín pé etí rẹ̀ jinlẹ̀. Jẹ́jẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, ọ̀rọ̀ náà dé ètè Ìka-Oyin. Jẹ́jẹ́ lẹni tí èèyàn lè fọ̀rọ̀ hàn, kì í ṣe olófòófó. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti lóyún, wọ́n ti ń wá yàrá tó tóbi jù èyí tí wọ́n wà lọ. Ìka-Oyin kí i kú oríire, ó sì gbé tirẹ̀ mì.

Fésà yẹn ṣiṣẹ́ bí oògùn. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọ́n ń wo gìtá. Màdáámú sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé etí Ìka-Oyin kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìka-Oyin fẹ́ràn jù lára fésà náà kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ohùn bá ń yí, tó ń mì lọ mì bọ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ló ti yà. Bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tí wọ́n sì da aṣọ bò ni.

Ló bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí gbogbo orin. Orin ijó, ó tẹ̀ ẹ́. Orin ìfẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí ìyára rẹ̀ sókè. Ọkùnrin oníkíbọ́ọ̀dù bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ṣé orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún náà ni yóò tún fi òyì sí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ Màdáámú kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní fésà kì í ṣe iyọ̀, wọn kì í bù ú sínú omi mímu. Ó ní kó pa á lórí àwọn orin yòókù. Ìka-Oyin pa á. Bó ṣe pa á ni ohùn tó ń yà tún jáde sí gbangba, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọjọ́ sítúdíò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Màdáámú pè é sí ẹ̀yìn pèpéle, àwọn méjì péré. Ojú obìnrin náà ti pọ́n. Ó ní gbogbo ohun tí òun ní lòun ti dà lé orin yìí, bó bá bàjẹ́, ó parí fún òun nìyẹn.

“Ìwọ lo mú un wá,” ó wí. “Má wojú ẹnikẹ́ni. Ṣé Jẹ́jẹ́ ni?”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibí yìí ni Ìka-Oyin ní ká dúró díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ òun nígbà yẹn. Ó lè sọ pé òun ni. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó tilẹ̀ lè dákẹ́.

Ohun tó sọ ni pé, “Màdáámú, àbúrò ìyàwó mi ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Màdáámú mi orí. Ó ní ìyẹn náà ti tó.

Wọ́n lé Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń ká wáyà béèsì rẹ̀ mọ́ apá, ó rọra ń ká a, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ìka-Oyin súnmọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n,” Jẹ́jẹ́ wí, ó kọjú sí i dáadáa, “ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?”

Ìka-Oyin ní òun yóò bá a wá ẹgbẹ́ mìíràn. Jẹ́jẹ́ ní ó dáa. Ó gbé béèsì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà dá iná sílẹ̀. Ìyàwó Ìka-Oyin ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí àbúrò òun ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní wọ́n ní etí rẹ̀ kò mú tó. Obìnrin náà ní irọ́ ni, ó ní láti kékeré ni àbúrò òun ti máa ń mọ ohùn ọkọ̀ bàbá àwọn láàárín ọkọ̀ tó kún òpópónà. Ó ní kí ọkọ òun lọ bẹ Màdáámú. Ọkọ wọ bàtà, ó jáde, ó lọ jókòó sídìí ìgànná kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ó padà wá sọ pé Màdáámú kò gbà.

Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó gba Jẹ́jẹ́. Àwọn olórin a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn kíá: ẹni tí Màdáámú lé nítorí etí, ta ló fẹ́ kó o? Ibi tí wọ́n ti ń ṣe omi dídì ló ti ríṣẹ́, ó ń gbé yìnyín láti inú ẹ̀rọ sínú ọkọ̀. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, Ìka-Oyin àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí wọn. Yàrá kékeré àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì wà. Ìṣó tí béèsì máa ń so kọ́ wà lára ògiri, kò sí béèsì níbẹ̀ mọ́. Jẹ́jẹ́ fẹ́ gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aṣọ ọmọ náà sì ń há mọ́ ọn lọ́wọ́. Yìnyín ti la gbogbo orí ìka rẹ̀.

Ìka-Oyin ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Ó bọ́ síta, ó fi orí gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó nu ojú, ó padà wọlé.

Oorun dá lójú rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ Jẹ́jẹ́, tàbí ó tilẹ̀ rò pé ètè ẹnìkan ń pè é, á dìde kúrò níbẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí orin náà sáà ti parí, pé bó bá ti parí, òun yóò sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ń dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún òtítọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun tún ń pa.

Ọjọ́ sítúdíò dé. Wọ́n fi Ìka-Oyin nìkan sínú yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, gìtá lọ́rùn, hẹ́ẹ̀dìfóònù lórí, fésà níwájú ẹsẹ̀. Dígí ńlá kan ló wà láàárín òun àti àwọn yòókù. Ẹnjiníà tó ń gba ohùn sílẹ̀ jókòó lẹ́yìn dígí náà, orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀ sínú máíìkì.

Ohun tó ń sọ, bí wọ́n ṣe padà sọ fún Ìka-Oyin, ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gba ti fésà yẹn o. Gìtá gbẹrẹfu ni màá kọ́kọ́ gbà, òun náà ni ẹ máa gbọ́ létí. Tó bá yá, a ó wá fi fésà sí i.”

Ìka-Oyin rí i pé ẹnu ọkùnrin náà ti dákẹ́. Ó na àtàǹpàkò sókè pé ó ti yé òun.

Ó tẹ fésà. Iná pupa rẹ̀ tàn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí pé iná wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Màdáámú wọlé sọ́dọ̀ ẹnjiníà nígbà tí orin ń parí lọ. Kò gbọ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe. Ó dúró, ó ń gbọ́ ohun tó ń jáde, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ máíìkì. Ó béèrè pé fésà ńkọ́, ṣé bó ṣe ń yí yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ìka-Oyin rí fésà lẹ́nu rẹ̀.

“Ó yá jù díẹ̀, Màdáámú,” ó dáhùn. “Ẹ jẹ́ kí n dín in kù.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì fésà díẹ̀ sí òsì, ó nàró, ó tún ta á. Ó pa ojú dé. Ó ń mi orí bí ẹni tí ohùn náà ń gbé lọ. Ìgbà tó parí, ó rẹ́rìn-ín sí wọn láti inú dígí.

“Èyí gan-an ni,” ó wí. “Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń rọra yí?”

Ọwọ́ ẹnjiníà dúró lókè ẹ̀rọ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ nǹkan kan fún Màdáámú. Màdáámú bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sọ ọ́. Lẹ́yìn náà obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó wọlé tọ Ìka-Oyin wá, ó bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò lórí rẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ìka-Oyin rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì lẹ́yìn ọwọ́ náà. Ó mọ̀ pé ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó rò pé ó ń yin òun ni.

“Ẹ ṣeun, Màdáámú,” ó wí.

Ohun tí Màdáámú sọ ni pé, “Ilé yìí ń jó.”

Obìnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, gìtá àti fésà nìkan ló ń wò. Ìgbà tó gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ pe orúkọ kan ṣoṣo, Ìka-Oyin sì rí i yékéyéké bí ẹni pé etí ìgbà èwe rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ.

“Jẹ́jẹ́.”

Ẹsẹ̀ ni Ìka-Oyin fi rìn délé. Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́, awakọ̀ kan yọ orí jáde, ó ń bú u, ètè nìkan ló rí. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá gbá òun lọ́jọ́ yẹn, òun ò ní bá a jà.

Ìyàwó rẹ̀ ń gé aṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: dókítà, ojú tó fi wo Jẹ́jẹ́ níbi ìdánrawò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pèpéle, ìdí ìgànná tó lọ jókòó sí. Obìnrin náà kò dá a dúró. Ìgbà tó parí, ó fi àlùmọ́gàjí lélẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó wí, ó rọra ń sọ ọ́ kó lè rí ẹnu òun, “bí ẹ bá sọ fún mi pé etí yín ti lọ, ṣebí mo ṣì ní méjì? Ǹ bá máa gbọ́ fún yín.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Àmọ́ ọmọ ìyá mi lẹ lọ fi dí i.”

Ó ní kó máa bọ̀, àwọn ń lọ sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ìka-Oyin kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti orí ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró kó parí, ó sì ní kó dìde kó lè rí ojú òun.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ó wí. “Láti ṣọ́ọ̀bù ni. Ojú mi lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo gìtá.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bú sẹ́kún. Ó bi í pé, bó bá mọ̀, kí ló dé tí kò sọ?

“Àǹtí mi, kí n sọ ọ́ kí Màdáámú lé ọkọ yín? Ẹ̀yin àti àwọn ìbejì ńkọ́? Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn. Ọjọ́ tí mò ń ká wáyà, mo ṣì ń rò ó.”

Ìka-Oyin ní nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí òun, èyí ló dùn òun dé egungun. Ìbá sàn kó gbá òun létí.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ wà léjìká rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá yìí kọ́ ni wọ́n ti ba orúkọ ọkọ òun jẹ́. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn ló gbọ́ pé kò létí.

“Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni,” ó wí. “Bí ẹ bá sọ fún wọn tán, ẹ wá bẹ̀ mí.”

Ó lọ. Ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ ló ń lọ, níbi tí wọ́n bá ti ń dánra wò, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dáwọ́ orin dúró, á sì sọ ọ́. Àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kan sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó sì tún un sọ kó lè rí i dáadáa. A ò ní kọ ọ́ síbí. Gbogbo ibi tó bá ti sọ ọ́ ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ ti ń tì mọ́ òun náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu.

Màdáámú lọ bẹ Jẹ́jẹ́ pé kó padà. Jẹ́jẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kọ̀. Ó ní ẹni tó lé òun láì bi òun léèrè, bó bá tún tẹ̀lé ojú ẹlòmíràn lọ́la ńkọ́? Ẹgbẹ́ mìíràn ló gbà á níkẹyìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu Ìka-Oyin.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan tó ń ṣe ara gìtá ni Ìka-Oyin wà báyìí, ó ń fi ìwé yanrìn ha igi. Ó ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó ń bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n orin kò dùn mọ́, bí agolo tí wọ́n ń lù ni. Ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú kó lè rí ètè òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó máa ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn tẹ́lẹ̀ kò tíì padà. Jẹ́jẹ́ a máa kí i bí wọ́n bá pàdé lójú títì. Kò tíì tẹ ilé rẹ̀.

Ó ní ká bá òun sọ fún yín pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Etí, ojú, ẹsẹ̀, èyí tó bá dáwọ́ lé lílọ nínú wọn, kí èèyàn tètè wí fún ará ilé rẹ̀. Ó ní ìgbà tó bá wọ ibi ìpamọ́ ló ń di ẹ̀ṣẹ̀, torí ẹlòmíràn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ fún ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ tuntun tí Jẹ́jẹ́ wà ń ṣeré ní gbangba. Ìka-Oyin lọ. Kò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ rí òun, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí. Ó rí i tí Jẹ́jẹ́ gbé béèsì kan kọ́rùn, kì í ṣe ti àtijọ́. Ó rí i tí ìka rẹ̀ ń rìn lórí okùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nǹkan kan ń lù ú láyà, kò mọ̀ bóyá béèsì ni tàbí ọkàn rẹ̀.

Obìnrin kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka-Oyin fọwọ́ kàn án léjìká, ó bi í pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń ta béèsì yẹn, báwo ló ṣe ń dún?

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní ṣé kò gbọ́ ni?

“Rárá,” Ìka-Oyin wí. “Mi ò gbọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.”

Obìnrin náà dúró. Ó kọ etí sí ibi tí orin ti ń wá, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí fún un.